Ta Ni Àwòrán Náà Ń Fi Ṣẹ̀sín?

  Lónìí, àwòrán ni a fẹ́ jọ kà.

Ẹnì kan lè ní, "Ta ló ń ka àwòrán? Ṣebí ojú la fi ń wò ó." Bẹ́ẹ̀ ni, ojú la fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ pe b, ẹ pe a, ẹ tún pe b, ẹ tún pe a, kí ẹ tó mọ̀ pé "bàbá" ni olùkọ́ kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán rí. Èèyàn lè rí orí, kó rí ikùn, kó rí fìlà, síbẹ̀ kó má mọ ohun tí ayàwòrán ń sọ.

Irú àwòrán kan wà tí à ń pè ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú. Inú ìwé ìròyìn ló sábà máa ń wà. Ayàwòrán á mú ẹni ńlá kan, ọba ni o, mínísítà ni o, tàbí olórí ìjọba. Bí imú ọkùnrin náà bá gùn díẹ̀, ayàwòrán á fà á gùn títí á fi dà bí ọwọ́ ọkọ́. Bí ó bá sanra díẹ̀, ikùn rẹ̀ á tóbi bí ìkòkò omi. Àwọn tó rí i á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọ́n á wá rò ó wò pé, "Àbí ẹ ò rí i, owó wa ló wà nínú ikùn yẹn."

Ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n máa ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ jọ. Wọ́n á fi gíláàsì bò ó, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn ilé tí wọ́n ń tọ́jú ohun àtijọ́ sí kí gbogbo èèyàn lè wá wò ó. Wọ́n á pàtẹ rẹ̀ bí a ti ń pàtẹ ọjà. Tọmọdé tàgbà á máa wọlé, wọ́n á máa fi ọba tó ti kú tipẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní òru, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ jáde. Á júbà àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí. Olè gbọ́ tirẹ̀. Alágbèrè gbọ́ tirẹ̀. Ìjòyè tó jẹ owó ìlú náà gbọ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Ẹ̀fẹ̀ nítorí ohun tó kọ lórin. Ẹ sì wo orí igi tí àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń dé: ẹ ó rí ọlọ́pàá lórí òmíràn, ẹ ó rí aránṣọ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ ó rí alùpùpù. Ní ọdún 2001, UNESCO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, àbúrò Ẹ̀fẹ̀ òru ni. Gègé ló mú dípò orin.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí a ti ń lọ. Ta ni àwòrán náà ń fi ṣẹ̀sín? Ta ló sì rán ayàwòrán níṣẹ́?

Kò yẹ kí a rin ìrìn jìnnà kí a tó rí ibi tí a ó ti bi í. Àgbómẹ̀ ò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 47. Ní ọdún 1943, ìjọba Faransé sọ ààfin Ọba Gezo àti ti Ọba Glele di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 1985, UNESCO kọ orúkọ ààfin náà mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ara ògiri ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọba mọ àwòrán sí. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ògiri yẹn ni ìwé ìtàn ààfin. Ọkọ̀ òkun òyìnbó dúró fún Ọba Agaja. Ẹfọ̀n dúró fún Ọba Gezo, kìnnìún dúró fún Ọba Glele. Gezo ní àmì mìíràn tí gbogbo wa mọ̀, ìkòkò tí ara rẹ̀ lu. Ó ní bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá wá fi ìka wọn dí ihò ara ìkòkò náà, omi ò ní dànù. Títí di òní, a ṣì ń rí ìkòkò yìí káàkiri orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn yòókù. Ọmọ ogun Dàhọ̀mì kan mú ìbọn lọ́wọ́, ọ̀tá rẹ̀ ń ṣubú lọ. Òmíràn ń kó ẹni tí ó mú lójú ogun lọ sílé. Àwọn aránṣọ ọba náà ń gé aṣọ aláwọ̀, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ńlá ní àwòrán. Nínú àwòrán wọn, ọ̀kan wà tí ọmọ ogun ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tá rẹ̀, tó wá ń fi ẹsẹ̀ náà gan-an na ẹni tó ni ín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n ṣe é kí ará ààfin lè rẹ́rìn-ín.

Ta wá ni ọ̀tá tí wọ́n ń nà yẹn? Àwa ni púpọ̀ nínú wọn. Nàgó ni àwọn Fọ̀n ń pè wá, àwa tí à ń sọ Yorùbá. Gezo jọba láti 1818 títí di 1858, Glele ọmọ rẹ̀ láti 1858 títí di 1889. Ní ayé àwọn méjèèjì, ogun Dàhọ̀mì wọ ilẹ̀ Yorùbá léraléra. Ní 1851 àti 1864, wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu. Wọ́n dé Ṣábẹ̀ẹ́ náà. Àwọn àpáta ńlá tí ẹ ń rí láti ẹnu ọ̀nà yín láràárọ̀, orí wọn ni àwọn baba ńlá wa sá gùn nígbà náà. Ẹni tí ọwọ́ ogun bá tẹ̀, wọ́n lè tà á, wọ́n lè fi í ro oko ọba ní Àgbómẹ̀, wọ́n sì lè pa á.

Nítorí náà, bí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ bá dúró níwájú ògiri yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ kò lè dà bí ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára púpọ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọba ló ń bọ́ ẹni tó mọ ọ́n, ọba ló fún un ní ilẹ̀ tó ń gbé, ọba ló sì ń sọ ohun tí yóò mọ. Ta ló jẹ́ mọ àwòrán Glele níbi tó ti ń padà sílé lọ́wọ́ òfo láti ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta?

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ̀rín ṣe yí ojú padà. Lẹ́yìn Glele, ọmọ rẹ̀ Behanzin jọba. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ẹ ní igi bí èèyàn tó tún jẹ́ ẹja ńlá tí ń pa èèyàn lójú òkun, nítorí ó ti múra láti bá àwọn tó gba ojú òkun wá jà. Ìyìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìlú Paris, àwọn oníwèé ìròyìn náà ń ya Behanzin, wọ́n ń yà á bí ẹhànnà tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn yẹn kò tíì rí Dàhọ̀mì rí. Bó ti wo àwòrán, ó gbà pé ó yẹ kí wọ́n gbógun ti irú ọba bẹ́ẹ̀. Àwòrán ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀. Behanzin ti fi iná sí ààfin kó tó jáde. Wọ́n mú un ní 1894, wọ́n gbé e sọdá òkun lọ sí Martinique, ó sì kú ní ilẹ̀ Algeria ní 1906. Ère tó dà bí ẹja yẹn wà lára àwọn ohun ìní 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún wa ní ọdún 2021. Ilé baba rẹ̀ fi wá ṣẹ̀sín, òyìnbó sì fi òun náà ṣẹ̀sín. N kò sọ ọ́ láti yọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín rí mọ bó ṣe ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn olórí Faransé fẹ́ràn kí wọ́n fi àwọn fúnra wọn ṣẹ̀sín.

Ọba kan wà ní ilẹ̀ Faransé láti 1830 títí di 1848, Louis-Philippe ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba yìí tóbi, orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó lókè. Oníwèé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Charles Philipon yà á bí èso igi kan tó fẹ́ jọ píà wa, tí òkè rẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní 1831. Ó dúró níwájú adájọ́, ó ya àwòrán mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ jọ ọba. Èkejì jọ ọba díẹ̀, ó jọ èso díẹ̀. Ẹ̀kẹta sún mọ́ èso. Ẹ̀kẹrin, èso lásán ni. Ó wá bi wọ́n pé níbo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ òun ti bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n á fi èso orí igi sẹ́wọ̀n ni? Ó lọ sẹ́wọ̀n náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń ya èso yẹn sára ògiri káàkiri Paris.

Ayàwòrán mìíràn, Honoré Daumier, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya ọba bí òmìrán tó jókòó, tó la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n gbé pákó gígùn kan láti ilẹ̀ dé ẹnu rẹ̀. Àwọn tálákà wà nísàlẹ̀, aṣọ wọn ti gbó, wọ́n ń da owó wọn sínú agbọ̀n. Àwọn aláàárù ń ru agbọ̀n owó náà gun pákó, wọ́n ń dà á sí ọba lẹ́nu. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín san owó orí fún ìjọba Faransé, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ àwòrán yìí fún yín. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún Daumier lẹ́wọ̀n ní 1832.

Ní 1835, ìjọba ọba náà ṣe òfin kan tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Wọ́n ní oníwèé ìròyìn lè tẹ ọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ gba àṣẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tẹ àwòrán àfi bí ìjọba bá ti wò ó, tó fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí ẹ̀rù àwòrán fi bà wọ́n ju ẹ̀rù ọ̀rọ̀ lọ? Ẹni tó mọ̀wé nìkan ló lè ka ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó lójú ló lè rí àwòrán.

Èyí ni ọmọ Yorùbá kan lò fún ire ní Èkó ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Akinọla Laṣekan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òwọ̀, tí wọ́n bí ní 1916. Nígbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ìjọba Nàìjíríà. Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Zik, ti dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, West African Pilot. Ní 1944, Laṣekan bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ síbẹ̀. Lash ló ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó sọ àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú di iṣẹ́. Ní ọdún 1944 kan náà, ó kó díẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀ jọ sínú ìwé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ Pilot, púpọ̀ nínú ará Èkó ni kò sì lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí òyìnbó aláṣẹ nínú àwòrán, tí ó sì rí ọmọ ilẹ̀ tí ẹrù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mọ ohun tí Lash wí. Àkókò náà gbóná. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Ìwé ìròyìn Zik gbè sẹ́yìn wọn, ni ìjọba bá fi òfin dè é ní oṣù keje. Ní 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tí ń wa èédú ní Énúgù, èèyàn 21 kú. Nínú irú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni fífi aláṣẹ rẹ́rìn-ín nílò ọkàn akin.

Bí mo bá dúró níbí, ìtàn Laṣekan á dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Zik ní ẹgbẹ́ òṣèlú, NCNC. Ní 1951, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ tiwọn jáde, Action Group. Òwọ̀ gan-an, ìlú Laṣekan, ni wọ́n ti ṣí i. Láti ìgbà náà, gègé tí ó ti ń gún òyìnbó yí padà sí ọmọ ìyá rẹ̀. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Lash wá ń fi ṣẹ̀sín ṣáá, nígbà tí ti Zik ń dán. Awólọ́wọ̀ náà ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì dákẹ́. Onílù kì í bú ẹni tó ń náwó fún un lójú agbo. Èmi ò fi èyí ká iṣẹ́ Laṣekan kúrò láàárín ohun rere. Ó ya Nàìjíríà títí ó fi di òmìnira ní 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, ó sì kú ní 1972. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àwòrán Awólọ́wọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, kó rántí ẹni tó ni ìwé ìròyìn.

Ọdún 1972 yẹn náà ni Mathieu Kérékou gba ìjọba níhìn-ín. Fún ọdún gbọọrọ, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ṣoṣo ni a ní, Ehuzu, ti ìjọba. Ẹ ó rántí pé ìyìn ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó di 1988, ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti ìjọba jáde ní Kútọnu, La Gazette du Golfe. Nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi péjọ ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990 láti tún ìjọba tò, ojú àwọn èèyàn ti ń là. Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ jáde. Hector Sonon, tí wọ́n bí ní 1970, wà lára àwọn tó ya àwòrán fún Gazette náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí wá lè ya ààrẹ rẹ̀ pẹ̀lú etí ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ayé ṣáájú ìgbà náà mọ̀ pé ohun kékeré kọ́.

Lónìí, wọ́n ń gbé irú àwòrán yìí kiri láti ìlú dé ìlú. Ní 2006, Plantu, ayàwòrán ọmọ Faransé, àti Kofi Annan, ọmọ Gánà tó jẹ́ olórí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kó àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀. Wọ́n ń pàtẹ àwòrán náà ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní gbọ̀ngàn ìlú. Ohun kan ń sọnù níbẹ̀ o. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ dà bí àkàrà, gbígbóná ló dùn jù. Ẹni tó rí i láàárọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ ẹni tí wọ́n yà, ó mọ ohun tó ṣe lánàá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀. Ìwé kékeré abẹ́ àwòrán yẹn, ẹ̀yin náà ti lè kà á báyìí. Ẹ wá ọdún níbẹ̀, ẹ wá orúkọ ìwé ìròyìn, ẹ wá orúkọ ẹni tó ni ín.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ògiri Àgbómẹ̀, ọ̀nà Ìdáàṣà ni ẹ ó gbà, ẹ ó kọjá Bohicon. Wọ́n ti ń tún ààfin náà ṣe láti bí ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ó ṣí kí ẹ tó gbéra. Ẹni tí ń mú àlejò kiri á kọ́kọ́ fi kìnnìún Glele hàn yín, á sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ẹ ní sùúrù fún un. Bó bá parí, ẹ fi ọwọ́ na ẹni tó ń ṣubú níwájú ìbọn, kí ẹ bi í pé ọmọ ibo ni.